Bọ́ńpà Lempi Harju

Àgbọ̀nrín kẹrin ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ fọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́, ìkejì tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì wọnú bí ìgbà tí èèyàn jókòó lé abọ́ páànù, ìkẹta kàn fi ìdí gbá iná iwájú kan kó tó bá tirẹ̀ lọ. Lempi Harju ò pariwo lórí ìkankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìkẹrin yìí jáde nínú igbó lọ́sàn-án gangan, ó dúró sáàárín títì, ó wo Lempi lójú bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Bọ́ńpà oníke tí wọ́n ṣe mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ fọ́ bí èèpo ẹyin, rédíétọ̀ tú omi jáde, ọkọ̀ sì sùn sọ́dọ̀ mẹkáníìkì fún ọjọ́ méjìdínlógún.

Ọjọ́ méjìdínlógún ní Ahola, abúlé inú igbó ní àríwá Amẹ́ríkà! Ibi tí kò sí bọ́ọ̀sì, tí ṣọ́ọ̀bù tó súnmọ́ jù jẹ́ máìlì mọ́kàndínlógún, tí yìnyín sì ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ìlú tó gbọ́n ṣì ń jẹ èso. Lempi ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, opó ni, kò sì tíì fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, ó ti tọrọ lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́fà, ó sì ti bá mẹ́rin nínú wọn jà.

Ìgbà yẹn ni ọmọ rẹ̀, Karlene, wakọ̀ wákàtí mẹ́rin dé láti Green Bay. Kò tilẹ̀ bọ́ kóòtù. Yàrá abẹ́ ilé ìjọsìn ló ti bá ìyá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí lẹ́yìn ìsìn.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọdún méjì, àgbọ̀nrín mẹ́rin."

"Ṣé èmi ni mo pè wọ́n ni?"

"Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn fún mi. Yàrá òkè ilé wa wà nílẹ̀, a ti kùn ún, a ti ra bẹ́ẹ̀dì sí i. Ilé ìwòsàn wà nítòsí, ṣọ́ọ̀bù wà nítòsí…"

"Ẹ̀wọ̀n náà máa ń súnmọ́ gbogbo nǹkan."

Karlene yíjú sí ìyàwó pásítọ̀, ìyẹn náà ń wo inú kọ́ọ̀pù rẹ̀ bí ẹni pé ìwé wà níbẹ̀. Bí ẹ̀mí Lempi ṣe gbóná nìyẹn. Ó gbé kọ́ọ̀pù tirẹ̀ kalẹ̀ gbà!

"Ó dáa. Bí àgbọ̀nrín bá tún dá ọkọ̀ mi dúró kí ọdún Àjíǹde tó dé, máa kó kọ́kọ́rọ́ fún ẹ, máa kó ẹrù mi, máa wá gbé nínú yàrá òkè ẹ títí màá fi kú. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni Karlene wí.

"Èmi náà gbọ́," ni ìyàwó pásítọ̀ wí, ẹni tí kò sẹ́ni tó bi léèrè. Ọ̀rọ̀ tó bá sì ti wọ etí ìyàwó pásítọ̀ ní Ahola, ó ti di àkọsílẹ̀.

Bí Lempi ṣe jókòó sínú ọkọ̀ ẹni tó ń gbé e lọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù lórí ìka. October ni wọ́n wà. November ń bọ̀, oṣù tí àwọn akọ àgbọ̀nrín máa ń ya wèrè lẹ́yìn abo, tí wọn kì í wo ọ̀tún, tí wọn kì í wo òsì. Láti ibẹ̀ títí di Àjíǹde, oṣù márùn-ún. Ẹnu ẹ yìí, Lempi, ẹnu ẹ yìí!

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ ilé iṣẹ́ Reino.

Reino Harju, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ni ajórinmọ́rin Ahola. Kò sí ohun tó bàjẹ́ ní àgbègbè yẹn tí Reino kò ní fi irin sí, ì báà ṣe àga ìjókòó. Bí Lempi ṣe wọlé, ó bá a níbi tó ti ń bá Clyde Trembath jà. Clyde ló ń ta bọ́ńpà alumíníọ̀mù lẹ́yìn ilé epo. Àràárọ̀ ló máa ń wá mu kọfí Reino, kó lè bú irin Reino.

"Mo fẹ́ bọ́ńpà," ni Lempi wí. "Mo fẹ́ èyí tí àgbọ̀nrín á kọlù, tí ọkọ̀ mi ò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀."

"Ìyàwó wa, o dé ibi tó yẹ." Reino bọ́ ìbọ̀wọ́. "Irin ni. Irin tó nípọn tó ìka mi yìí. Àgbọ̀nrín á kọlù ú, á tọrọ gáfárà, á máa lọ."

"Mísìsì Harju, ẹ má dá a lóhùn," ni Clyde wí. "Irin tó ń sọ yẹn wúwo tó ọkùnrin méjì àti ìyá wọn. Ẹ gbé e sí imú ọkọ̀ yín, imú á wólẹ̀, iná iwájú á máa tanná fún kòkòrò. Nígbà tó bá fi máa di ọdún kejì, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì á ti jẹ ẹ́ tán."

"Iyọ̀ ò lè jẹ irin mi! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa kùn ún lọ́dà."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta náà lo kun abẹ́ ọkọ̀ tìẹ. Àná o wakọ̀ kọjá níwájú ilé mi, ẹsẹ̀ ẹ tó yọ lábẹ́ rẹ̀ ni mo fi dá ẹ mọ̀."

Lempi rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ tábìlì. Reino ò rín.

"Alumíníọ̀mù!" ló wí. "Ohun tí wọ́n fi ń ṣe agolo bíà!"

"Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òfúrufú!"

"Èwo nínú ọkọ̀ òfúrufú ló kọlu àgbọ̀nrín rí? Sọ fún mi! Èwo ni? Irin, tó bá tẹ̀, màá fi òòlù bá a sọ̀rọ̀, á padà síbi tó wà. Tìẹ, tó bá ti tẹ̀, ó parí. Tó o bá fi òòlù kàn án, á sán bí bísíkíìtì."

"Ó kéré tán, ó fúyẹ́ débi tí ọkọ̀ á fi lè dúró. Tìẹ, tó bá ti gbéra, ó di ilé Ọlọ́run kó tó dúró!"

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ panu mọ́." Lempi ti nu ojú rẹ̀ tán. "Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ fi ń ṣe é. Ẹ wá gbọ́ tèmi, torí èmi ni mo ti kọlu mẹ́rin. Bọ́ńpà á gbá àgbọ̀nrín lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ṣẹ́. Ibo ni ara tó kù ń gbà?"

Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì.

"Bọ́nẹ́ẹ̀tì. Láti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó di gíláàsì. Láti gíláàsì, ó di itan mi. Bọ́ńpà tí kò ga dé àyà àgbọ̀nrín, ẹ fi wúrà ṣe é, àtẹ̀gùn lẹ kàn kàn fún un kó lè bá mi jókòó."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì wo ara wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mọ́kànlá, wọ́n gbà: bọ́ńpà náà gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá títẹ̀ lókè tó máa bo iwájú ọkọ̀ títí dé ibi iná. Ó ku ohun tí wọ́n máa fi ṣe é. Ibẹ̀ ni ìjà tún ti bẹ̀rẹ̀.

"A máa dán an wò," ni Lempi wí. "Ẹ ṣe méjèèjì wá. Màá de ti irin mọ́ ọn, màá wakọ̀ lu nǹkan. Màá de ti alumíníọ̀mù, màá tún lù ú."

"Ọkọ̀ tèmi ni ká lò," ni Reino wí.

"Èmi kì í fi ẹsẹ̀ ẹlòmíì wọn bàtà."

"Kí wá ni o máa lù? O fẹ́ lọ bẹ àgbọ̀nrín kan ni?"

Lempi wo igun ilé iṣẹ́ náà. Àpò kárọ́ọ̀tì ló wà níbẹ̀ títí dé àjà, irú èyí tí ilé epo ń tà fún àwọn ọdẹ lásìkò yẹn, kárọ́ọ̀tì wíwọ́ tí ṣọ́ọ̀bù ò gbà. Nítorí ọdẹ ni Reino náà ṣe kó o jọ. Àpò mẹ́ta wúwo tó akọ àgbọ̀nrín tó gbó dáadáa. Ó rọ̀ bí ẹran, ó sì le bí egungun.

"Ẹ so mẹ́ta papọ̀," ló wí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án Fúráìdè, àwọn àgbà mẹ́ta yìí kọ́ àgbọ̀nrín. Inú kòtò ńlá tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ilé Reino ni wọ́n gbé e nàró sí. Igi mẹ́rin ni ẹsẹ̀, àpò kárọ́ọ̀tì mẹ́ta ni ara, ẹ̀ka igi ni ìwo. Wọ́n fi ogún ìṣẹ́jú jà lórí ẹ̀ka mélòó ni ìwo náà máa ní. Reino ní mẹ́fà. Clyde ní kò sí akọ tó máa ní mẹ́fà pẹ̀lú irú ìdí tí Reino dì fún un yìí. Ní ìparí, Reino dé e ní fìlà aláwọ̀ omi ọsàn tirẹ̀, irú èyí tí àwọn ọdẹ máa ń dé.

"Kí nìyẹn fún?" ni Clyde bi í.

"Kí ọdẹ má baà yìnbọn fún un."

Wọ́n de bọ́ńpà irin mọ́ ọkọ̀ Lempi ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi gbé e, nígbà tí wọ́n sì tú ṣéènì sílẹ̀, imú ọkọ̀ náà kúnlẹ̀. Clyde kàn tẹjú mọ́ ibẹ̀, ó ń súfèé.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Karlene ti wà ní bèbè kòtò kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ìyàwó pásítọ̀ ló pè é, kí lẹ tún fẹ́ gbọ́? Ó gbé ọkọ̀ kékeré rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà àbáwọlé, ó jókòó sínú rẹ̀ nítorí òtútù, ó gbé fóònù sókè láti ya fídíò ìyá rẹ̀ tó ti ya wèrè.

"Màmá, tí èyí bá ba ọkọ̀ jẹ́ ńkọ́?"

"Kárọ́ọ̀tì nìyẹn. Àdéhùn wa ò kan kárọ́ọ̀tì."

Ìkúùkù bo ìsàlẹ̀ kòtò náà, funfun báláú. Láti ibi tí Lempi ti tan ọkọ̀ lápá kejì, òjìji àgbọ̀nrín nìkan ló hàn, pẹ̀lú fìlà. Reino ju ọwọ́ sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Lempi tẹ iná ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

Eré ọkọ̀ dé ogún máìlì. Ó dé ọgbọ̀n. Òkúta wẹ́wẹ́ ń fò lábẹ́ táyà. Ó dé ogójì, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, ó ń gbádùn ara rẹ̀, kò parọ́. Ìgbà yẹn ló rí i pé àgbọ̀nrín náà ní etí.

Wọn ò ṣe etí fún un.

Ó tún wò. Etí náà pọ̀. Etí ogún, etí méjìlélógún, gbogbo wọn ń mì. Orí wọn sì wà nílẹ̀, ẹnu wọn ń lọ sókè sódò.

Ogójì ọdún, ẹ jọ̀ọ́! Ogójì ọdún ni Lempi àti Reino àti Clyde ti ń da kárọ́ọ̀tì sínú igbó kí àgbọ̀nrín lè wá jẹ ẹ́. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń fi lé ẹ̀yìn igi, tí wọ́n ń rí i pé kì í kù di àárọ̀. Kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ó rò pé àgbọ̀nrín tí a fi kárọ́ọ̀tì ṣe, oúnjẹ àgbọ̀nrín ni.

Lempi fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ búréèkì. Ọkọ̀ náà gbọ́ ọ̀rọ̀, táyà dúró. Bọ́ńpà Reino ò gbọ́. Ó ń fà á lọ, ó ń fà á lọ lórí òkúta wẹ́wẹ́ bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Lápá òsì rẹ̀, ògiri amọ̀. Lápá ọ̀tún, omi. Kò yà. Ohun tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ ní ọdún tó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lé e lọ́wọ́ ni pé kò gbọdọ̀ yà. Ó di sítíárìn mú, ó ń wo abo kan tó gbé orí sókè, kárọ́ọ̀tì wà lẹ́nu rẹ̀ bí sìgá, ó sì ń rí yàrá òkè ilé Karlene ketekete, ó rí bẹ́ẹ̀dì, ó rí àwọ̀ tí wọ́n kùn ún.

Ọkọ̀ dúró.

Láàárín irin àti imú abo yẹn, kò ju ìka mẹ́ta lọ. Abo náà gbóòórùn irin, kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.

Kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ mọ́, ká ní Karlene fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ síbi tó wà. Ṣùgbọ́n ó ti rí ìyá rẹ̀ láàárín ẹranko mọ́kànlá, ẹ̀rù bà á, ó fi gbogbo ara lé fèrè ọkọ̀.

Gbogbo wọn fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́wàá gba inú igbó. Ìkọkànlá, akọ ńlá kan tí ó ti jẹ ju bó ṣe yẹ lọ, gba ọ̀nà àbáwọlé. Ó sáré gun bèbè náà bí ìgbà tí wọ́n rán an níṣẹ́, ó rí ọkọ̀ kékeré níwájú rẹ̀, ó pinnu láti fò ó. Ikùn ò jẹ́. Ó fi gbogbo ara lu ilẹ̀kùn awakọ̀, gíláàsì dà bí òjò yìnyín, dígí ẹ̀gbẹ́ fò lọ. Akọ náà ṣubú, ó dìde, ó wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹnikẹ́ni rí i, ó sì rìn lọ.

Nígbà tí Lempi fi máa sáré dé ibẹ̀, àyà rẹ̀ ti já pátápátá. "Karlene! Karlene, ọmọ mi!"

Karlene jókòó gbọnrangandan. Kò fara pa. Gíláàsì wà nínú irun rẹ̀, kárọ́ọ̀tì jíjẹ tí akọ náà bì sí i lára wà ní èjìká rẹ̀.

"Òun ló kọlù mí," ló wí.

"Mo rí i."

"Màmá, mo dúró. Mi ò tan ọkọ̀."

"Mo rí i, ọmọ mi. Jáde wá. Gba ẹ̀gbẹ́ kejì."

Lẹ́yìn wọn, Reino àti Clyde ti ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ ẹni tó ní kí wọ́n fi kárọ́ọ̀tì ṣe é. Fìlà Reino wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn àgbọ̀nrín ti jẹ ìdajì etí fìlà náà.

"Reino," ni Lempi wí, "tú irin ẹ kúrò lára ọkọ̀ mi."

"Kí ló ṣe? Àgbọ̀nrín ò tíì kàn án!"

"Ìyẹn náà ni. Búréèkì ló gbà mí, irin ẹ sì ń bá búréèkì jà. Ìka mẹ́ta péré ni mo fi ń dúpẹ́. Ohun tó bá fúyẹ́ ni mo fẹ́."

Clyde pariwo ayọ̀, ó sáré na ọwọ́ sí bọ́ńpà tirẹ̀.

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò! Reino ló máa dè é mọ́ ọn, torí mo ti rí bí ìwọ ṣe ń de nọ́ọ̀tì. Ó sì gbọ́dọ̀ ga dé àyà bí a ṣe sọ."

"Ṣùgbọ́n a ò tíì dán tèmi wò," ni Clyde wí, ó wo kárọ́ọ̀tì tó fọ́nká nílẹ̀.

"Kò ní rí ìdánwò, lágbára Ọlọ́run."

Ní ilé ìdáná Lempi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Karlene pe àwọn ìṣúránsì rẹ̀. Lempi ń gé mítí-páì, ó ń gbọ́.

"Rárá, mi ò kọlu àgbọ̀nrín. Àgbọ̀nrín ló kọlù mí… Mo dúró… Eré kí ni mò ń sá? Mo ní mo dúró!… Rárá, mi ò mu nǹkan kan." Ó gbé fóònù kalẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀kùn tuntun á gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ó sì gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ ní àárọ̀ Mọ́ńdè.

Ó ti oúnjẹ rẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọ Lempi ni, kò lè gbà bẹ́ẹ̀ yẹn.

"Màmá. Ẹ ní bí àgbọ̀nrín bá tún dá ọkọ̀ yín dúró."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Mọ́kànlá ló dá a dúró láàárọ̀ yìí. Mo ní fídíò rẹ̀."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Lempi. Ọ̀rọ̀ náà bá a níbi tó dùn ún, torí ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló ti jáde, ìyàwó pásítọ̀ sì ń bẹ láyé. Ó jókòó. Kò pariwo, ìyẹn ló sì mú kí Karlene gbé ojú sókè.

"Tún fídíò yẹn wò dáadáa, Karlene. Àwọn yẹn ò dá nǹkan kan dúró, oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ. Èmi ni mo dá a dúró. Ẹsẹ̀ mi ló tẹ búréèkì, ojú mi ló rí etí wọn nínú ìkúùkù, mo sì gbé irin wíwúwo yẹn lọ́wọ́, mi ò yà. Ohun tí o ń bẹ̀rù pé mi ò lè ṣe mọ́ nìyẹn, àbí òun kọ́?"

Karlene mú fóònù, ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó dé ibi tí ọkọ̀ ti dúró, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí kò tíì mọ ibi tó máa parí sí.

"Ìka mẹ́ta," ló wí.

"Mẹ́ta àti ààbọ̀. Jẹun."

Nígbà tó di ọ̀sán Sọ́ńdè, bọ́ńpà Clyde ti wà lójú ọkọ̀, ó ń dán, ó ga dé àyà, nọ́ọ̀tì Reino ló mú un dúró, imú ọkọ̀ sì ti gbé orí rẹ̀ sókè padà. Lempi ju àpò Karlene sẹ́yìn láti gbé e lọlé. Karlene dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, ó na ọwọ́ jáde.

"Ẹ jẹ́ kí n wà á, Màmá. Wákàtí mẹ́rin ni."

"Ọkọ̀ ta ni?"

Karlene rìn yípo, ó wọ ẹ̀gbẹ́ kejì.

Wọ́n ti rin bíi ogójì máìlì nígbà tí ó di apá ìyá rẹ̀ mú. "Màmá! Lápá òsì!"

"Mo ti rí i." Ẹsẹ̀ Lempi ti kúrò lórí iná ọkọ̀ tipẹ́. Abo kan jáde nínú igbó, ó rìn kọjá níwájú wọn bí ìyàwó pásítọ̀, ó wọ inú igbó kejì lọ. Ọ̀nà mọ́.

"Ó ti lọ," ni Karlene wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Dúró."

"Kí la ń dúró dè?"

"Kì í dá rìn."

Wọ́n dúró. Ọkọ̀ kan fun fèrè lẹ́yìn wọn, Lempi ò yíjú. Ó ka ení, ó ka èjì, ó ka dé ẹ̀fà, ìkejì sì jáde, ó kéré díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ń sáré kó má baà gbẹ́yìn. Ìgbà náà ni Lempi tó gbé ẹsẹ̀ lé iná.

Karlene bọ́ bàtà, ó ti àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi kóòtù bo ojú, ó sì sùn wọ Green Bay.